Wọ́n ní ọmọ ò tíì pé, wọn ò lè ṣí ìgò abẹ́rẹ́

Ìyá Tiwa: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Mo gbé ọmọ mi dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan nítòsí wa láàárọ̀ yìí fún abẹ́rẹ́ èéyi olóṣù mẹ́sàn-án. Àwa mẹ́ta péré la jókòó lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní ọmọ ò tíì pé, òun ò lè tìtorí ọmọ mẹ́ta ṣí ìgò ọmọ mẹ́wàá, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wa wọ ọ̀kadà láti apá Ọdẹ́dá wá ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè tún ètò yìí ṣe tí ọmọ ò fi ní máa fo abẹ́rẹ́? Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni o.

Mẹkáníìkì Sápọ́n: Kí nọ́ọ̀sì yáa bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kó máa pèrò bíi kọ̀ndọ́ Lafẹ́nwá. "Ó ku ọmọ méje! Ó ku ọmọ méje! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ̀rín pa mí o.

Dèjì Ìbarà: Mi ò ka gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ fi fóònù ká ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Tiwa: Àbúrò, kò sẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, kà á tán ná.

Dèjì Ìbarà: Mo ní ọ̀FẸ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Màmá Tiwa, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ tí mo fi hewú ni. Gbígbẹ ni oògùn èéyi máa ń wà nínú ìgò, omi tiẹ̀ la fi ń pò ó. Ìgò kan, ọmọ mẹ́wàá. BCG ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí à ń gún sápá òsì, ogún ọmọ ni ìgò tiẹ̀. Tí a bá ti lè pò ó báyìí, wákàtí mẹ́fà ló ní, èyí tó bá ṣẹ́kù, dídà nù ni. Kò dà bíi pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ àrùn márùn-ún, tí a lè ṣí lónìí, ká tún lò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bó bá ṣì wà nínú òtútù. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣí èéyi fún ọmọ mẹ́ta, á kọ ọ́ sínú ìwé pé òun da ti ọmọ méje nù, ọ̀gá ẹ̀ á sì bi í. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn ti sọ pé kí wọ́n ṣí ti èéyi bó ṣe ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Ẹ lọ fi ìyẹn bá olórí ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgò, a lè béèrè òmíràn. Ìyá tó bá ti bínú lọ sílé ńkọ́?

Ọ̀gá Táyà Kútọ̀: Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kí ló dé tí òyìnbó fi fẹ́ràn ọmọ wa tó báyìí? Nígbà tí wọ́n kọ àjẹsára rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ní Kano lọ́dún 2003, ṣé orí wọn dàrú ni?

Túnjí Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, orí wọn ò dàrú. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó bí àwọn èèyàn nínú, wọ́n sì gbé ẹjọ́ ẹ̀ dé kóòtù. Ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó dá wàhálà 2003 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Trovan kì í ṣe àjẹsára rárá. Nígbà tí wọ́n sì kọ àjẹsára rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀, àrùn náà gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún 2020 la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí pé wild polio ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀gá Táyà Kútọ̀: Ìwé gígùn. Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀. Kí ló dé tí òyìnbó fi fẹ́ràn ọmọ wa?

Alágbo Ìtòkú: Ẹ bá mi bi wọ́n o. Nígbà tiwa, ta ló gún wa ní nǹkan kan? Àgbo ni ìyá mi fi wẹ̀ mí, àgbo náà ni mo mu, mo sì wà láyé báyìí tí mò ń tà á.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Alágbo, ká apá aṣọ rẹ òsì sókè. Àpá róbótó tó wà níbẹ̀ yẹn, àgbo ló gún ọ?

Alágbo Ìtòkú: Igi ló ya mí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Igi yẹn mà kú iṣẹ́ o. Ojú kan náà ló ti ya gbogbo Ẹ̀gbá.

Mẹkáníìkì Sápọ́n: Yéè! Ẹ gbà mí o!

Alágbo Ìtòkú: Nọ́ọ̀sì, mo ti lọ́mọ-ọmọ, ẹ má máa fi "rẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ n tú àṣírí níbí. Ta ló ń rán ọmọ wá ra àgbo jẹ́díjẹ́dí lọ́dọ̀ mi lóṣooṣù? Ẹ ṣì jẹ mí lówó ìgò méjì.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Jẹ́díjẹ́dí àti èéyi, bàbá kan náà ló bí wọn ni? Mo sì ti fowó yẹn rán ọmọ náà.

Alágbo Ìtòkú: Ọmọ yẹn ò kówó kankan dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ fi ti àgbo sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tiwa tí a wà lọ́jà ni pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti palẹ̀ kúlà abẹ́rẹ́ mọ́. Àárọ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà àdìrẹ ń ti Èkó dé. Ta ni mo fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún? Kí wọ́n gbé kúlà wá bá wa ní Ìtòkú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n yan ọjọ́ ẹ̀, kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn àwọn ìyá níbẹ̀ ju ogún lọ dáadáa, kò sí ìgò tí wọ́n máa dà nù.

Bọ̀dé Àdátán: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Eélòó ni àdìrẹ báyìí?

Ọmọ Ẹ̀gbá Àtàtà: Ẹ ti gbàgbé pé ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ló ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tó gbé ìlera alábọ́dé àti abẹ́rẹ́ ọmọdé lọ bá ará oko. Ẹ̀gbá ló ń kọ́ yín!

Ìjẹ̀bú Ò Gbà: Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i. Ẹ máa tẹ̀síwájú.

Ọmọ Ẹ̀gbá Àtàtà: Iṣẹ́ ló gbé bàbá ẹ̀ débẹ̀! Ṣé ibi tí wọ́n bá bí ọmọ sí ló ń jogún ẹ̀?

Ìjẹ̀bú Ò Gbà: Omi wa ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Túnjí Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ní Òkè Ọya, àjọ kan tó ń jẹ́ New Incentives máa ń fún àwọn ìyá lówó díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ní Udaipur nílẹ̀ Íńdíà, ẹ̀wà lẹ́ńtì kílò kan ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì fi àwo ìjẹun kún un fẹ́ni tọ́mọ ẹ̀ bá gbà á pé. Lábúlé tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan, nǹkan bí ọmọ 6 nínú 100 ló gbà á pé. Ibi tí wọ́n ti ń gbé abẹ́rẹ́ wá lóṣooṣù láìyẹ̀, bíi 18. Ibi tí ẹ̀wà ti wà níbẹ̀, bíi 39.

Dèjì Ìbarà: Níbo ni wọ́n ti ń pín owó?

Mẹkáníìkì Sápọ́n: Ẹ̀wà olóyin ni àbí funfun?

Ọmọ Ẹ̀gbá Àtàtà: Tó bá máa jẹ́ tiwa, láfún ni. A ò jẹ ẹ̀wà òyìnbó.

Ọ̀gá Táyà Kútọ̀: Ẹ wá rí i! Wọ́n tún ń fowó kún un! Kí ló dé tí òyìnbó fi FẸ́RÀN ỌMỌ WA?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ọ̀gá Táyà, ṣé ẹ ti rí ọmọ tí èéyi fọ́ lójú rí? Èmi ti rí i. Ìyá ẹ̀ gbé e wá nígbà tí ẹyin ojú ti funfun báláú. Àgbo ni wọ́n ti ń kán sí i.

Alágbo Ìtòkú: Èmi lẹ ń bá wí! Ẹ bá orúkọ mi jẹ́ níta gbangba! Ẹ kọ́kọ́ sanwó ìgò méjì.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ta ló dárúkọ yín?

Alágbo Ìtòkú: Alágbo mélòó ló wà níbí?

Dèjì Ìbarà: ẸNÌKAN Ò DÁ MI LÓHÙN. NÍBO NI WỌ́N TI Ń PÍN OWÓ?

Ìjẹ̀bú Ò Gbà: Ìjẹ̀bú-Òde.

Bọ̀dé Àdátán: Màmá alágbo, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣé ẹ ní ti ibà? Ṣé ẹ lè bá mi gbé e dé Àdátán?

Alágbo Ìtòkú: Ó wà, ọmọ mi. Ìwọ lo máa san owó ọ̀kadà.