Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, Linux, àti ₦200,000 tó wà nílẹ̀

Tísà Ìkọ̀lé
Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa àtijọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Owó tí ẹ dá fún yàrá kọ̀ǹpútà ti pé ₦200,000, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ráhùn owó. Kọ̀ǹpútà 14 ló wà níbẹ̀, Windows 10 ló wà lórí gbogbo wọn, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Mo gbìyànjú láti gbé Windows 11 sí wọn, kò gbà. TPM 2.0, ohun ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà, ló ń béèrè, kò sì sí èyí tó ní in nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn ètò Linux ọ̀fẹ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dípò Windows, sí méjì tó lọ́ra jù, àwọn tí RAM wọn jẹ́ gígábáìtì 4 péré. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tan ọ̀kan, àwọn ọmọ á ti kọ ọjọ́ àti àkòrí iṣẹ́ sínú ìwé tán kó tó ṣí. Ní báyìí, kí wọ́n tó fa àga jókòó, ó ti ṣí.

Ohun tí mo rò ni pé ká má ra tuntun. Ká gbé Linux sí gbogbo wọn, ká fi ₦150,000 ra SSD (ibi ìkófáìlìsí tó yára) àti bátìrì fún àwọn tó nílò rẹ̀, ká wá fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe irú ètò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò sọ Mint nìkan o. Mo fẹ́ kó kan àwọn kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, bíi OpenBSD àti Haiku. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa pọ̀. Ẹ sọ tẹnu yín.

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀yẹ́
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Lórí Linux, mi ò bá yín jiyàn. ₦50,000 yẹn ni kò wọ̀ mí létí. Ẹ̀rọ omi ilé-ìwé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọmọ ń kọjá títì lọ pọnmi nínú oòrùn. Ẹ wá ní ká máa fowó ránṣẹ́ sí òyìnbó? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tó bá di dọ́là, mélòó ni? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe tí ojú máa rí?

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà, Fájuyì
Èmi ni kí ẹ bi, torí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Lọ́dún tó kọjá ọmọ kan bá mi fi Linux sí ẹ̀rọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, ojú-ìwé 68. Ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ jáde kí n sì dì í kó tó di aago méjìlá, torí olùkọ́ rẹ̀ ń lọ sírìn-àjò. Mo ṣí i nínú LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Word, 68 di 73. Tábìlì tó wà ní orí kẹrin já sí méjì, orí rẹ̀ ń bẹ lójú ewé kan, ìdí rẹ̀ ń bẹ lójú ewé kejì. Nọ́ńbà tó kọ síwájú kò bá ti inú mu mọ́. Ọmọbìnrin yẹn jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, omi ń dà lójú ẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi tún un ṣe, ojú ò jẹ́ kí n gba kọ́bọ̀ lé e.

Àwọn ọmọ tí Tísà ń kọ́, ọ́fíìsì ni wọ́n ń lọ. Word ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ọmọ Olósùnta
Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ ohun tó ṣe yín. Fọ́ńtì ni. Calibri àti Cambria tí wọ́n sábà fi ń kọ nǹkan nínú Word, ti Microsoft ni, wọn kì í bá Linux wá. Tí LibreOffice ò bá rí wọn, á mú òmíràn tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ jù wọ́n lọ, ìlà kan á di méjì, ojú-ìwé á máa pọ̀ sí i. Àwọn kan ti ṣe Carlito rọ́pò Calibri, wọ́n ṣe Caladea rọ́pò Cambria, fífẹ̀ lẹ́tà wọn sì bá ara mu rẹ́gí. Liberation Serif wà fún Times New Roman. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, kí ẹ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣí wò. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló máa tọ́. Ìwé tó bá ní macro nínú, ìyẹn àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó ṣì lè fún yín ní wàhálà. Ṣùgbọ́n omijé ọmọ yẹn, fọ́ńtì ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n Akápò, ẹ bi wá pé kí ni wọ́n fẹ́ fowó ṣe. Ní Oṣù Kìíní 2014, àwọn tó ń ṣe OpenBSD figbe ta pé àwọn ò rówó iná san. Owó iná gan-an ni mo wí! $20,000 lọ́dún, fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tò sí Kánádà. Wọ́n ní tí owó ò bá wọlé, àwọn á kógbá sílé. Ẹnì kan yọjú tó san $20,000 yẹn, àwọn mìíràn náà sì dáwó. Ẹ sì wò ó, àwọn yìí ló ń ṣe OpenSSH láti 1999, ohun tí àwọn tó ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń gba nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀, fi ń wọlé sí i láti ọ̀nà jíjìn. Èmi tí mo jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ yìí, òun ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Windows 10 pàápàá ti ń gbé e káàkiri láti 2018. Ètò tí a ní kò lókìkí, òun ló ń ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé, díẹ̀ ló sì kù kí òkùnkùn gbà á nítorí owó iná.

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀yẹ́
Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, ó tiẹ̀ dùn mí pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí Microsoft fúnra wọn bá ń lò ó, ṣé kì í ṣe àwọn ló yẹ kó sanwó?

Wọ́n san díẹ̀ ní 2015, mo ti lọ kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Haiku ńkọ́? Láti 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, beta, ìyẹn ipò ìdánwò, ló ṣì wà. ReactOS tó fẹ́ máa gbé ètò Windows ṣiṣẹ́ ti pẹ́ jùyẹn lọ, alpha, tó ṣáájú beta, ló wà títí dòní. Ogún ọdún ó lé! Ta ló máa dáwó sí ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀ láti ogún ọdún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Èkìtì kì í sọ bẹ́ẹ̀. Uyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́ ni màmá mi máa ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Linus Torvalds ní Helsinki nígbà tó kéde Linux ní 1991, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé eré ọwọ́ lásán ni, pé kò ní tóbi bíi GNU, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó ti wà ṣáájú. Láti Oṣù Kọkànlá 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé, Linux ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́. Android tí púpọ̀ nínú wa fi ń kọ̀wé níbí, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. PS4 táwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjìgbò, lára FreeBSD, ètò ọ̀fẹ́ tó bá OpenBSD tan, ni Sony ti gbé e jáde.

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà, Fájuyì
Ọmọ mi, àwọn tó yè lo kà yẹn. Àwọn tó kú ńkọ́, tí a ò gbọ́ orúkọ wọn rí? Ọmọ ọlọ́mọ ló fi ìgbà èwe ṣe àwọn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdó
Òótọ́ ni, ma. Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí èyí tí kóòdù rẹ̀ (ohun tí wọ́n kọ tó di ètò) wà ní gbangba bá kú, ẹlòmíràn lè gbà á ṣe. Haiku ò rí irú àǹfààní yẹn. Wọ́n ta ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe BeOS, ètò àtijọ́ tí Haiku ń tẹ̀ lé, wọ́n ti kóòdù rẹ̀ mọ́lé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní láti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbangba ló wà, wọn ì bá má fi ogún ọdún wá a.

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀yẹ́
Gbangba yẹn náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣebí ní 2024 ni ẹnì kan fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, sínú ọ̀kan nínú wọn? Xz tàbí kí ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Olósùnta
Xz ni, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n wà lẹ́yìn Tísà. Xz jẹ́ ètò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, ó wà nínú Linux káàkiri. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀, kò gbowó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan wá ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó fi bí ọdún méjì ṣe iṣẹ́ rere, títí tí wọ́n fi fọkàn tán an, tí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló ki májèlé bọ̀ ọ́.

Ohun tó tú u fó ni pé ní Oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, rí i pé SSH, ìwọlé láti ọ̀nà jíjìn tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, ń fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀gbọ́n! Kò fojú fò ó. Ó tú u wò títí ó fi dé ìdí rẹ̀, torí gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà. Ẹ bi ara yín, tó bá jẹ́ pé ọkùnrin tó ń dá xz tọ́jú yẹn rí ìwọ̀nba owó, tó rí ẹni gidi méjì tì í lẹ́yìn, ṣé àlejò máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Àwọn tó ti rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀.

Tísà Ìkọ̀lé
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, ìdajì wọn, activator, ètò tó ń ṣí Windows láìsanwó, ni wọ́n fi ṣí i kí n tó dé. Mo ń dúró níwájú ọmọ, mò ń kọ́ wọn pé olè jíjà ò dáa, mo sì mọ ohun tó wà lórí tábìlì. Fláàṣì tí ọmọ bá kì bọ̀ ọ́, fáírọ́ọ̀sì á sọ gbogbo fódà inú rẹ̀ di shortcut. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà, Fájuyì
Tísà, ẹ ti sọ tèmi. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mẹ́ta ni wọ́n fi activator ṣí. Mi ò fi yangàn. Ọmọ Olósùnta, mú àwọn fọ́ńtì yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣì ní ìwé olójú-ìwé 68 yẹn lọ́wọ́, a jọ máa ṣí i. Tí skánà mi ò bá ṣiṣẹ́, wàá gbé Linux rẹ lọ o.

Ọmọ Olósùnta
Mo gbà, ma. Mo ń bọ̀ kí oòrùn tó mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdó
Ẹ̀gbọ́n Akápò, kì í ṣe owó nìkan la fi ń ṣe é lẹ́yìn. Àtẹ bọ́tìnnì (keyboard) Yorùbá ti wà nínú Linux, lábẹ́ Nàìjíríà, ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Àwọn ọmọ Tísà lè máa lò ó, kí wọ́n máa kọ àṣìṣe tí wọ́n bá rí ránṣẹ́. Èmi á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Akápò Ẹgbẹ́, Ọ̀yẹ́
Ìyẹn wọ̀ mí létí jù. Ibi tí mo dúró sí nìyí: ₦30,000 á lọ sí ẹ̀rọ omi, ẹ má bá mi jiyàn ìyẹn. ₦20,000 tó kù, mo gbà kó lọ fún OpenBSD nítorí owó iná yẹn. Haiku, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ń sanwó lókè òkun ni kó bá wa fi ránṣẹ́, kó fi rìsíìtì hàn mí.

Tísà Ìkọ̀lé
Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí nítorí Haiku. Ẹ̀kẹta ti gba Mint nísinsìnyí, àmọ́ WiFi rẹ̀ ò ṣí. Broadcom ni wọ́n kọ sí i. Ta ló mọ ohun tí mo lè ṣe?

Ọmọ Olósùnta
Ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering. Tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Driver Manager, ẹ dúró kó wá a, ẹ fọwọ́ sí èyí tó bá mú wá, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Tísà Ìkọ̀lé
Ó ń wá a lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mẹ́fà ló dúró lẹ́yìn mi.