Rúlà Ọmọ Iléèwé Ni Wọ́n Fi Wọn Irin Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, kò sì tán nínú mi.

Ṣé ẹ mọ wedge mi yẹn, irin tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sókè, tòkunbọ̀ tó ti dípàáta lọ́rùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àkọ́bí mi dọ́gbà? Òun ni wọ́n ní ojú rẹ̀ mú jù. Irin tí mo ti ń fi gbá bọ́ọ̀lù sómi láti ọdún tó kọjá!

Ìdíje oṣù ni. A dé ihò kẹrìndínlógún, bọ́ọ̀lù mi wọ bunker, kòtò oníyanrìn orí pápá. Mo ní bunker, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ilẹ̀ gbagidi ni, yanrìn tí wọ́n ní àwọn máa dà síbẹ̀, a ò rí i títí dòní. Mo fa wedge yọ, mo gbá a. Bọ́ọ̀lù fò, ó balẹ̀, ó yí díẹ̀, ó dúró ti àsíá bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Kádì mi, ọmọ tó ń bá mi gbé àpò irin, hó yèè. Ni ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbá bá nawọ́: "Ẹ jẹ́ n rí irin yẹn." Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi kú oríire ni. Wọ́n fi èékánná ha àwọn ilà ojú irin náà, kírí kírí kírí, wọ́n gbé e sí oòrùn, wọ́n mi orí. "Àbúrò, ilà yìí mú jù. Kò bófin mu."

Ó di ilé kílọ́ọ̀bù. Kọmitíì jókòó, àgbà mẹ́ta. Wọ́n ní kí wọ́n mú ohun ìdíwọ̀n wá. Akọ̀wé ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ rúlà. Rúlà oníke tàwọn ọmọ iléèwé, tí nọ́ńbà 1 dé 4 ti pa rẹ́ lára rẹ̀! Òfin ní ìbú ilà kan kò gbọdọ̀ ju 0.9 mílímítà lọ, kí jíjìn rẹ̀ má sì ju bí ìdajì mílímítà. Òfin tuntun ti 2010 tún wá ń wo bí etí ilà ṣe mú tó. Rúlà wo ló fẹ́ rí ìyẹn? Ọ̀kan bọ́ awò ojú, èkejì gbé e wọ̀, wọ́n jọ wo irin. "Ó jọ pé ó jù." Ó jọ pé! Ṣé ọbẹ̀ lẹ̀ ń tọ́ wò ni?

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ̀yin àgbà, òfin 2010 yẹn, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ni wọ́n tìtorí wọn ṣe é, torí ilà tó mú ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọn ti inú koríko gígùn jáde, ó sì tún ń dúró síbi tó bá wù wọ́n. Kò kan irin àtijọ́ tiwa àyàfi tí kílọ́ọ̀bù bá kọ ọ́ sínú òfin ìdíje. Mo yọ bébà tí wọ́n fún wa láàárọ̀: ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má páàkì mọ́tò síwájú kíṣìnnì. Wọ́n ní àyè tí òfin fún irin àtijọ́ ti parí ní 2024. "Ó kéré tán 2024" ni àwọn tó ṣòfin kọ! Ó kéré tán! Tí mo bá ní màá fún ìyàwó mi lówó ọbẹ̀, ó kéré tán ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ṣé mo jẹ̀bi tí mo bá fún un ní mọ́kànlá ni?

Ní oṣù kìíní 2010 gan-an, tí òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Phil Mickelson, gbajúmọ̀ agbá-gọ́ọ̀fù, gbé wedge Ping Eye 2 àtijọ́ wá síbi ìdíje ní pápá Torrey Pines ní Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ tí Ping, iléeṣẹ́ tó ṣe irin náà, àti USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ti yanjú láti 1990 ló gba irin náà láàyè. Àwọn kan bínú, wọn ò yọ ọ́. Ẹni tó ń du mílíọ̀nù dọ́là ò yọ, èmi tí mò ń du blender ni wọ́n yọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, blender. Ipò kẹta ni mo wà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ta ló wà ní ipò kẹrin. Ẹ̀gbọ́n eléèékánná! Àwọn fúnra wọn ló gbé blender náà mọ́ra tí wọ́n ń ya fọ́tò. Handicap, iye gbígbá tí òfin ń yọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, 22 ni ẹ̀gbọ́n kọ sílẹ̀, bíi ẹni 9 ni wọ́n ń gbá. Ìyẹn ò gba rúlà. Owó ọdún kílọ́ọ̀bù ti wọ́n sí i lẹ́ẹ̀mejì, ìrẹsì sì ti tán kí n tó délé oúnjẹ.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán egungun tilé ìwòsàn sẹ́nu géètì, kí wọ́n fi yẹ gbogbo irin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èékánná ẹ̀gbọ́n. Tí ìyẹn bá le jù, kí wọ́n kúkú dá blender mi padà. Mo ti pe ìyàwó mi láti ihò kẹtàdínlógún, ó sì ti ra ata.