Awò VR kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pápá ìdánrawò

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ọ̀rọ̀ yẹn kiri, pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í wọ pápá mọ́, pé awò VR (awò tó ń bo ojú, tó ń fi ayé tí kọ̀ǹpútà dá hàn) nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ogun, àti pé ìjọba ti ka bílíọ̀nù 22 dọ́là lé Microsoft lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́ ni wọ́n kéde àdéhùn kan ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi bílíọ̀nù 22 yẹn ni ibi tí owó náà lè ga dé láàárín ọdún 10; kì í ṣe owó tí wọ́n ti san. Awò tí àdéhùn náà dá lé, tí wọ́n ń pè ní IVAS, kì í sì í bo ojú pátápátá bíi ti VR. Ọmọ ogun ń rí ayé gidi gba inú rẹ̀, àwòrán àti máàpù ló kàn ń hàn lórí ohun tó ń wò. Wíwọ̀ ọ́ pàápàá di wàhálà: nígbà ìdánwò ọdún 2022, orí ń fọ́ àwọn kan, èébì ń gbé àwọn mìíràn. Lọ́dún 2025, Anduril, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà, ló gba àkóso iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Microsoft.

Ní ti pápá, ibùdó ìdánrawò Fort Irwin ní aṣálẹ̀ California ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ṣì ń jẹ eruku níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ayé gidi ti wúlò ni ohun tó léwu tàbí tó ń jẹ owó: awakọ̀ òfurufú lè já bàálù lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má kú. Ṣùgbọ́n VR ò lè gbé ẹrù wúwo lé ọmọ ogun lẹ́yìn, kò sì lè fi ebi àti òjò dán an wò.