Ìyá tó ń ya gbòǹgbò iṣu

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ nípa màmá Emily Kame Kngwarreye yìí o, ayàwòrán ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó ti di olóògbé. Ẹ wò ó, ó ti ń sún mọ́ ẹni 80 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà sórí kánfáàsì, háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ìlà játijàti ló fà sínú àwòrán rẹ̀, gbòǹgbò iṣu inú aṣálẹ̀ wọn ní Ọsirélíà nìyẹn, bó ṣe ń rìn nínú ilẹ̀, bílẹ̀ ṣe ń sán tí iṣu bá ti tó wa, tó ò bá mọ ìyẹn ebi á pa ẹ́ síbẹ̀ ni. Báàtíìkì, aṣọ aláró bíi àdìrẹ, làwọn obìnrin Utopia, àdúgbò màmá nínú aṣálẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ ń ṣe ní 1977; ìda ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, ẹ̀kọ làwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń lò. Àmọ́ ta ló ń jẹ owó àwòrán màmá báyìí, ṣé ẹbí màmá ni àbí àwọn oníṣòwò?