Ogún ọdún tí o fi wakọ̀ ní Nàìjíríà kò sọ ọ́ di awakọ̀ àtijọ́ ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Ìlú Ọba ló gbà pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò di ọkọ̀ mú rí ni òfin awakọ̀ tuntun ń bá wí, pé kò kan ẹni tí ó ti fi ogún ọdún wakọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n òfin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1995 kò wo ọjọ́ orí, kò sì ka ìrírí tí ènìyàn kó wá láti Nàìjíríà sí. Ọjọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ yege ìdánwò ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba ni ọdún méjì tí òfin fi kà á sí awakọ̀ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì wọn ṣe pààrọ̀: lẹ́yìn oṣù 12 tí ènìyàn bá ti fìdí kalẹ̀ sí Ìlú Ọba, àfi kí ó gba láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ṣe ìdánwò bíi ti ọmọ ọdún 17. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn fún àgbà láti jókòó ti olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ lè jù lọ.

Láàrin ọdún méjì yẹn, póìǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì, ti tó kí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, fagi lé e, nígbà tí ó jẹ́ pé 12 láàrin ọdún mẹ́ta ni ti àwọn yòókù. Láti oṣù kẹta ọdún 2017, ẹni tí ó bá lo fóònù lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń wakọ̀ ń jẹ póìǹtì 6 lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìtanràn 200 pọ́n-ùn. Wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì náà kì í dín ní 6. Ìpè kan ṣoṣo láti ilé lè tipa bẹ́ẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni. Póìǹtì tí ènìyàn jẹ nígbà tí ó ṣì ń kọ́ ọkọ̀, tí kò sì tíì kúrò lórí ìwé, wà nínú ìṣirò náà.

Ẹni tí ó kó 12 jọ lè bẹ adájọ́ kí ó má fòfin de òun láti wakọ̀, pé ìnira tí yóò bá òun àti ìdílé òun yóò pọ̀ jù. Kò sí irú ẹ̀bẹ̀ yẹn fún awakọ̀ tuntun. Fífa ẹjọ́ gùn kọjá ọdún méjì kò sì wúlò, nítorí ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Síbẹ̀, fífagi lé láísẹ́ǹsì yàtọ̀ sí kí wọ́n fòfin de ènìyàn. Ó lè tún gba ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ó lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀, kí ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí ó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta, jókòó tì í, títí yóò fi yege ìdánwò orí ìwé àti ti ojú títì lẹ́ẹ̀kejì. Tí ó bá ti yege, ọdún méjì náà kò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́.