"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi ṣa àwọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí atẹ́gùn gbá jọ sẹ́nu géètì wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó wà ní pírámárì kẹta. Ó wojú mi, omi ti ń gbára jọ lójú ẹ̀, ló bá ní, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni, mo tún un sọ. Ó ní òun ò pẹ́, òun ò pariwo, òun ò bú ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Nílé ìwé wọn, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń ṣa ìdọ̀tí. Tó o bá pẹ́ dé, wàá kúnlẹ̀, wàá wá lọ ṣa bébà 50 wá fún tíṣà, á sì kà á. Àwọn tó ti wà ní kíláàsì á máa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. (Àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í ṣa nǹkan kan o. Inú nótù ni wọ́n ti ń fa ìwé ya kó lè pé 50. Èmi náà ṣe é rí, ẹ má sọ fún màmá mi.)

Ọmọ yìí kan náà ló gba 9 nínú 10 nígbà tí wọ́n bi í ní ìtumọ̀ àyíká.

Èrò mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi: ohun tá a bá ti sọ di ìyà fún ọmọdé, kò ní fínnúfíndọ̀ ṣe é mọ́. Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ àwa àgbà náà nìyẹn. Ayé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ni gbálẹ̀-gbálẹ̀ ìparí oṣù dé, tòun ti kóbókó sójà. Kóbókó lọ, ìgbálẹ̀ bá a lọ. Sátidé ìparí oṣù yẹn ti di ọjọ́ tá à ń sùn títí aago mẹ́wàá, táwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tó dá.

Ìbàdàn sì nìyí o! Ìbàdàn tí odò Ògùnpa ya wọ̀ ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Omíyalé tún dé ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Ìdọ̀tí dí ojú àgbàrá, ilé wà létí odò, òjò ńlá wá rọ̀. Kò sẹ́ni tí ò mọ ìtàn yẹn. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ fún yín nínú takisí Micra, bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ náà lá máa ju ọ̀rá gba ojú fèrèsé.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, tíṣà wa ní pírámárì kárùn-ún ò bá wa pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ó gbẹ́ ihò méjì sẹ́yìn kíláàsì. Ó sin ewé ẹ̀kọ sínú ọ̀kan, ó sin ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú èkejì, ó fi igi sàmì sí i. Àwa ń bomi rin ín bí ẹni pé yóò hù. Lópin táàmù, a hú u. Ewé ti di ilẹ̀, ekòló ló kù níbẹ̀. Ọ̀rá jáde bó ṣe wọlé. Ọmọkùnrin kan fi omi ṣàn án, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ibi tí wọ́n ti fi eyín já a, ó sì wú tìmùtìmù. Tíṣà ò sọ nǹkan kan. Ó ní ká máa lọ jẹun.

Lánàá, nípàdé òbí àti olùkọ́, mo ní kí wọ́n yọ ìdọ̀tí ṣíṣà kúrò nínú ìyà. Tíṣà kan ní, "Mọ́mì, kí la wá fẹ́ máa fi jẹ wọ́n níyà, ṣé ẹgba ni?" Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a jà, ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì ẹ̀, ilé ìwé ò sì gba ẹni tí ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo wọn jọ pín ni wọ́n ń dì lé àwọn tó pẹ́ lórí. Kí tíṣà náà mú ìgbálẹ̀ dání. Kí ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù lọ́sẹ̀ yẹn máa ṣáájú wọn. Ẹni tó bá pẹ́, kó jókòó ṣe ìṣirò.

Ní ti ọmọ mi, a ti gbẹ́ ihò méjì sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọjọ́ kẹrin lónìí. Ó ti ní ká lọ hú u wò lẹ́ẹ̀mẹta.