Ta Ló Ń Wọ Funfun Lọ Sáàárín Ọmọ Wẹ́wẹ́?

Àṣà kan ti gbòde báyìí láàárín àwọn tó ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ nínú ilé ara wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbé fóònù dúró, wọ́n á tan iná roboto síwájú ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo bí mo ṣe ń múra lọ síbi iṣẹ́." Ibi iṣẹ́ wo? Láti yàrá sí pálọ̀ ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré, bí èèyàn ò bá tẹ ohun ìṣeré kankan mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìmúra ọ̀hún, ẹ ó rò pé àmì ẹ̀yẹ ni wọ́n fẹ́ lọ gbà: ṣòkòtò funfun báláú, ẹ̀wù tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ọwọ́ nìkan ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹ̀gbà ọrùn onípele mẹ́ta, yẹtí tó ń jó fìrìfìrì, èékánná tó gùn tó ṣíbí.

Mo kí wọn kú ọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan ni mo ní: ta lẹ ń ṣe é fún? Nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ máa lo ọjọ́ náà, ẹni tó dàgbà jù ò tíì pé ọdún mẹ́rin, bàtà ọ̀tún ló sì wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀ láti àárọ̀. Ṣé òun ló máa sọ fún yín pé yẹtí yín ò bá ẹ̀wù yín mu?

Ó máa sọ ọ́ o, àmọ́ ọwọ́ ló máa fi sọ ọ́. Tí ọmọ jòjòló bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó ti ń na ọwọ́ mú ohun tó bá ń dán lójú rẹ̀. Mímú ló kọ́kọ́ mọ̀. Jíjọ̀wọ́ nǹkan sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ó di oṣù mélòó kan sí i kó tó kọ́ ìyẹn. Láàárín méjèèjì, ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ti di tirẹ̀, kò sí kóòtù tó máa gbà á. Mo ti rí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ oṣù márùn-ún, tí orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọkọ mi, olówó orí mi, àánú ni mo tọrọ," kí etí rẹ̀ má baà là sí méjì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó fà á sí i.

Ẹ̀gbà ọrùn tiẹ̀ tún burú jù ú lọ, torí òun máa ń já. Ní Amẹ́ríkà, ife kékeré kan wà tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré wò, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.2, wọ́n sì ṣe é kó jọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré. Ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, bó bá lè wọ inú ife yẹn tán, títà rẹ̀ deewọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn yín wọ inú rẹ̀ tán, ó tún ṣẹ́ àyè kù fún èkejì. Ohun tí òfin ní kí wọ́n má tà fún ọmọ náà lẹ gbé kọ́rùn, tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lójú, tẹ́ ẹ ń mì í jìgìjìgì.

Ti èékánná ńkọ́? Nínú ìlànà ìfọwọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fọwọ́ kan aláìsàn má ṣe lẹ èékánná àtọwọ́dá, kí tiẹ̀ gan-an má sì gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó pààrọ̀ ìlédìí mẹ́wàá kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ló fi yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìlera? Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ èékánná gígùn yẹn. Mi ò ní sọ ọ́.

Bàtà gogoro wà níbẹ̀ náà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Páṣíà wà lára àwọn tó ti ń wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga láyé àtijọ́, kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀ kúrò nínú irin ìtẹsẹ̀ gàárì. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ṣe é fún. Nínú iṣẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹṣin.

Ṣùgbọ́n ṣòkòtò funfun ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí èmi náà jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun dúró ti àwọn ọmọ fún wákàtí kan kóun lọ rí dókítà eyín. Mo wọ funfun dé. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n bá yín wá aṣọ?" Mo ní rárá, wákàtí kan péré, kí ló lè ṣẹlẹ̀?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé imú ọmọ ọdún méjì àti itan àgbàlagbà, ibì kan náà ni Ẹlẹ́dàá fi wọ́n sí. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ọ, ńṣe ló máa sáré wá, á di ẹsẹ̀ rẹ mú, á fi ojú nù ún láti ọ̀tún dé òsì, á sì máa bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú imú tó mọ́ tónítóní. Mẹ́ta nínú wọn kí mi káàbọ̀ báyẹn kí n tó rí ìjókòó. Ìkẹrin ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ó rá wá bá mi, ọ̀dà àwòrán lọ́wọ́ méjèèjì, ó wá di ṣòkòtò mi mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. Kò dìde dúró rí kó tó dọjọ́ náà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, tẹkún tẹkún. Èyí tó kéré jù nínú wọn, mo gbé e léjìká kó lè gùfẹ̀. Ó gùfẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn nìkan kọ́ ló jáde.

Nígbà tí àbúrò mi dé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́," ó sì ya fọ́tò mi.

Ẹ má wá rò pé dúdú ló máa gbà yín o. Lára dúdú, imú tó gbẹ máa ń dán bí ipa ìgbín lára ògiri. Bí imú bá sì dá a sí, omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí á bó àwọ̀ rẹ̀ tòótòó. Aṣọ tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tó ti rí ayé, tí kò rántí àwọ̀ tó bá wá sáyé mọ́, òun laṣọ iṣẹ́ yìí. Kó sì ní àpò. Àpò ṣe pàtàkì débi pé ní 1873, Jacob Davis àti Levi Strauss gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ìṣó bàbà kan igun àpò ṣòkòtò, kí àpò àwọn òṣìṣẹ́ má baà ya mọ́. Ibi tí jíǹsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, àwọn aránṣọ ìgbàlódé ti ran àpò rẹ̀ pa, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn ya orúnkún rẹ̀, orúnkún tí olùtọ́jú ọmọ fi ń rìn ju ẹsẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà lódìkejì, aṣọ oorun tí wọ́n fi gba ọmọ láàárọ̀ ni wọ́n fi ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Àwọn yẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, oorun ń kun ọmọ lára wọn.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, àwọn òbí ló kó wọn síṣẹ́ oge yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òbí ń rí olùtọ́jú ọmọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni gbogbo oge náà wà fún. Ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù méjì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun fẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ òun máa múra bí òṣìṣẹ́ báńkì. Á wá fa ọmọ lé e lọ́wọ́ nínú ẹ̀wù léèsì tí bọ́tìnnì rẹ̀ tò lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dọ̀tí."

Àbúrò mi náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kun ojú, ó de irun tuntun, ó gbé kóòtù wọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́wàá kan wò ó, ó figbe ta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i rẹ̀ lẹ́kún. Àbúrò mi padà sí yàrá, ó nu ojú nù, ó gbé ògbólógbòó ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀. Ọmọ náà nawọ́ sí i, ó nu imú mọ́ ọn léjìká, ó sùn.

Ibi tó gbé ọmọ náà dúró sí nìyẹn nígbà tí ìyá kan tó fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Obìnrin náà wo ẹ̀wù yẹn, ó wo èjìká rẹ̀, ó ń na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù tó ń tọ́jú ọmọ ńkọ́?"

Àbúrò mi ní, "Ẹ jókòó, mà. Wọ́n ṣì ń múra lọ́wọ́."